Géètì Tí Kì Í Tètè Ṣí: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Òpópónà Kan ní Abẹ́òkúta

Òpópónà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí wà láàrin Ìdí-Àbà àti Aṣerò, ní ìlú Abẹ́òkúta. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀, nítorí pé àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn ṣì ń gbé pọ̀, wọ́n sì ń kí ara wọn láràárọ̀. Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ tí ó so àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò agbègbè náà pọ̀ nígbà náà. Iṣẹ́ mi ni láti máa gba ìwé ẹ̀sùn, kí n sì máa pe àwọn tí wọ́n ń bá ara wọn fa wàhálà jókòó. Àwọn tí wọ́n wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀ ni mo kọ èyí fún: akọ̀wé àdúgbò, alága onílé, olórí ilé-ẹ̀kọ́, àti ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ti ránṣẹ́ pè rí pé kí ó wá bá àwọn yanjú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ àárọ̀ níwájú ilé-ìwé.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà

Ẹni tí ó bá mọ Abẹ́òkúta mọ̀ pé àpáta ni ó ń sọ ibi tí ọ̀nà yóò gbà fún ẹni tí ó ń la ọ̀nà. Òpópónà yìí ya kúrò lára ọ̀nà ọlọ́dà, ó gùn tó nǹkan bí 300 ìgbésẹ̀, ó sì dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ títí ó fi kan kọ́fátì kan, níbi tí ó ti di ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ pupa tí ó já sí títì mìíràn. Ní agbedeméjì rẹ̀ ni àpáta kan ti yọ orí jáde lápá òsì, èyí tí àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́lé síbẹ̀ kò rí fọ́, tí wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ méjì kò lè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níbẹ̀, ọ̀kan gbọ́dọ̀ dúró de èkejì. Ìdí Àpáta ni gbogbo ará àdúgbò ń pe ibẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ náà kò jìnnà sí i, ó wà ní apá ìsàlẹ̀ rẹ̀, nǹkan bí 40 ìgbésẹ̀ péré.

Ilé 23 ni ó wà ní òpópónà yìí. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni ó kọ́ èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn, irú àwọn tí wọ́n kó bọ̀ láti Ìbàdàn lẹ́yìn tí a dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní ọdún 1976, tí Abẹ́òkúta sì di olú-ìlú rẹ̀. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ohun tí wọ́n fẹ́ láàárọ̀ kò ju kí wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí wọ́n gbọ́ ìròyìn lórí rédíò, kí atẹ́gùn sì máa fẹ́ sí wọn. Mo mẹ́nu ba èyí nítorí pé ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí inú fi ń bí wọn tó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn ju ọ̀nà lọ.

Inú ilé onífúláàtì mẹ́rin ni ilé-ẹ̀kọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Jẹ́lé-ó-sinmi ni ó jẹ́ nígbà náà, àwọn ọmọ inú rẹ̀ kò ju ọgbọ̀n lọ, àwọn onílé fúnra wọn sì bá ìyá tí ó dá a sílẹ̀ yọ̀, àní àwọn kan nínú wọn fi ọmọ-ọmọ wọn síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó di ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2022, àwọn ọmọ ti lé ní 200, kò sì sí ẹni tí ó rántí béèrè ibi tí ọkọ̀ àwọn òbí 200 ọmọ yóò máa dúró sí.

Láti nǹkan bí aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ọkọ̀ ti ń wọlé. Àwọn kan ń ti òkè bọ̀, àwọn kan ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀, Ìdí Àpáta sì ni wọ́n ti ń pàdé. Ibẹ̀ ni fèrè á ti bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́kadà tí ó gbé ọmọ mẹ́ta á gba etí gọ́tà kọjá, àwọn tí wọ́n ti já ọmọ tiwọn sílẹ̀ kò sì ní rí ibi tí wọ́n á ti yí orí ọkọ̀ padà àfi ẹnu géètì onílé. Kí ẹ fi èéfín ọkọ̀ kún un, kí ẹ fi ọ̀rá bisikíìtì àti ọ̀rá omi kún un, kí ẹ tún wá fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí wọ́n fi ń darí orin àárọ̀ kún un, èyí tí wọ́n kọ ojú rẹ̀ sí ìta bí ẹni pé àwọn onílé náà wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni ọ̀rọ̀ bẹ́. Bàbá kan, tí wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, fẹ́ gbé ìyàwó wọn lọ sí ilé-ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Àbà, nítorí pé ọjọ́ náà ni wọ́n dá fún ìyá láti wá yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wọn wò. Wọ́n ṣí géètì, jíìpù dúdú kan sì dúró gbọnrangandan sí ẹnu rẹ̀, kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Bàbá fọn fèrè fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nígbà tí ẹni tí ó ni ọkọ̀ náà yọ, rìsíìtì owó ilé-ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì sọ pé, "Ẹ má bínú, Dádì. Mi ò pẹ́ rárá." Ọ̀rọ̀ yìí dun bàbá náà ju dídúró tí wọ́n dúró lọ. Ṣùgbọ́n mo ti wá gbà lẹ́yìn èyí pé ọkùnrin náà kò purọ́. Ó dá a lójú pé òun kò pẹ́. Ó dá gbogbo àwọn tí wọ́n ń di ọ̀nà náà lójú bẹ́ẹ̀.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ dán wò

Lẹ́tà ni ó ṣáájú. Àwọn onílé kọ ojú ìwé mẹ́ta gbáko, wọ́n fún ilé-ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ méje, wọ́n sì fi kún un pé àwọn yóò fi ẹjọ́ sun ìjọba pé wọ́n sọ ilé gbígbé di ilé-ẹ̀kọ́. Òótọ́ ni pé òfin ètò ìlú ti ọdún 1992 ka yíyí ìlò ilé padà mọ́ àwọn ohun tí a gbọ́dọ̀ gba àṣẹ fún, àwọn onílé sì rò pé ibẹ̀ ni ọwọ́ àwọn yóò ti tẹ ìyá náà. Ìyá náà kàn wọlé lọ mú ìwé àṣẹ tirẹ̀ jáde ni, ó pé pérépéré. Ohun kan ṣoṣo tí lẹ́tà náà rí ṣe ni pé ó mú kí ilé-ẹ̀kọ́ gba lọ́yà, láti ọjọ́ náà lọ, kò sì sí ẹni tí ó lè bá wọn sọ̀rọ̀ tí wọn kò ní sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí a béèrè lọ́wọ́ lọ́yà wa ná."

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n to dúrọ́ọ̀mù àti òkúta sí ẹnu géètì oníkálukú. Àwọn awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ láti gbé òkúta kúrò, èyí sì tún ń fi kún iye ìṣẹ́jú tí wọ́n ń lò. N kò ní fa ìyẹn gùn.

Èyí tí ó yẹ kí a dúró lé lórí ni ti géètì àdúgbò. Géètì onírin kan wà ní òkè òpópónà náà tí wọ́n ń tì lóru nítorí olè. Ní ọjọ́ Ajé kan, wọ́n pinnu pé àwọn kò ní ṣí i títí aago mẹ́jọ ààbọ̀ yóò fi lù. Àwọn òbí dé, wọ́n bá géètì ní títì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í já ọmọ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ọlọ́dà, níbi tí kẹ̀kẹ́ Márúwá àti táksí ti ń sáré kọjá. Àwọn ọmọ kéékèèké sì ń dá fi ẹsẹ̀ rìn wọlé. Ní ọjọ́ kẹrin, ọ̀kadà kan kọ báàgì ẹ̀yìn ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́fà kan, ó sì gbé e ṣubú. Ìgunpá rẹ̀ bó. Fúláàsì oúnjẹ rẹ̀ ṣí, ìrẹsì inú rẹ̀ dà sójú ọ̀dà, ọmọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ìrẹsì náà padà sínú fúláàsì, kò tilẹ̀ rántí sunkún. Ìyàwó alága onílé ni ó rí i. Ó gbé e wọlé, ó fọ ọwọ́ fún un, ó wá oúnjẹ mìíràn fún un, lẹ́yìn náà ó lọ mú kọ́kọ́rọ́ géètì níbi tí ọkọ rẹ̀ fi kọ́, ó sì ṣí i. Wọn kò pe ìpàdé kankan lé e lórí, wọn kò sì tún tì í láàárọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Àwọn òṣìṣẹ́ TRACE, àjọ tí ń darí ọkọ̀ lójú pópó ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, náà wá nígbà tí wọ́n pè wọ́n. Àárọ̀ méjì ni wọ́n fi dúró níbẹ̀, àárọ̀ méjèèjì sì tòrò bí omi àfòwúrọ̀pọn. Ní àárọ̀ kẹta wọn kò sí níbẹ̀ mọ́, ohun gbogbo sì padà sí bí ó ti wà. Mo gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń bú wọn, n kò sì bá wọn bú wọn. Ìlú tí ó ní Pánṣẹ́kẹ́ àti Láfẹ́nwá láti mójú tó láàárọ̀ kò lè fi òṣìṣẹ́ méjì sílẹ̀ lójoojúmọ́ fún òpópónà onílé 23.

Ìwé tí a fi ka ìṣẹ́jú

Àsìkò yìí ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ mi, àṣìṣe mi àkọ́kọ́ sì ni pé mo sáré pe ìpàdé. Ìpàdé náà kò pé wákàtí kan tí ó fi túká. Onílé kan ní ọkọ̀ tí ó ń wọlé lójúmọ́ tó 300. Aṣojú ilé-ẹ̀kọ́ ní kò tó 40. Ẹnu wa kò kò lórí iye ọkọ̀ pàápàá, báwo ni yóò ṣe wá kò lórí ohun tí a máa ṣe sí i?

Ni mo bá ra ìwé ìkọ̀wé méjì. Mo bẹ ìyá kan tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ olùkọ́, tí gbogbo òpópónà ń pè ní Màmá Tíṣà, pé kí wọ́n bá mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn láti aago méje sí aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún àárọ̀ márùn-ún. Mo tún ní kí ilé-ẹ̀kọ́ yan olùkọ́ kan tí yóò jókòó tì wọ́n. Èyí ṣe pàtàkì. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni ó kà á, ẹ̀gbẹ́ kejì yóò ní wọ́n fi kún un tàbí wọ́n yọ kúrò nínú rẹ̀. Ohun mẹ́rin ni mo ní kí wọ́n kọ nípa ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan: ìgbà tí ó dé, ìgbà tí ó lọ, ibi tí ó gbà wọlé, àti ohun tí ó ń dúró dè. Ọ̀rọ̀ kẹrin yìí ni n kò fẹ́ kọ tẹ́lẹ̀, Màmá Tíṣà ni wọ́n ní kí a fi kún un. Wọ́n ní, "Akọ̀wé, ọ̀pọ̀lọ́ kì í sá eré ọ̀sán lásán. Ẹ jẹ́ kí a kọ ohun tí ó ń lé e."

Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kejì ọdún 2023 ni a kà á. Ọkọ̀ tí ó ń wọlé lójúmọ́ jẹ́ nǹkan bí 86, kì í ṣe 300, kì í sì í ṣe 40. Ohun tí ó yà wá lẹ́nu kọ́ nìyẹn. Ohun tí ó yà wá lẹ́nu ni pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kì í lò ju ìṣẹ́jú méjì lọ kí ó tó kúrò. Bí ọkọ̀ 14 ni ó ń lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, àwọn 14 yìí sì ni wọ́n di ọ̀nà mọ́ gbogbo àwọn yòókù.

Nígbà tí a wo ọ̀rọ̀ kẹrin, ìdí rẹ̀ hàn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo àwọn tí wọ́n ń pẹ́ ni wọ́n ń dé kí aago méje ààbọ̀ tó lù, aago méje ààbọ̀ gan-an ni ilé-ẹ̀kọ́ sì ń ṣí géètì rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó gbọ́dọ̀ wà ní Òkè-Mọ́sàn, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà, ní aago mẹ́jọ kò lè dúró de aago méje ààbọ̀ kí ó tó kúrò nílé, kò sì lè fi ọmọ ọdún mẹ́rin sílẹ̀ níwájú géètì tí a tì. Kí ni yóò ṣe? Yóò jókòó sínú ọkọ̀. Ẹni tí ó bá dé tẹ̀lé e yóò dúró sẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí géètì yóò fi ṣí, ìlà ọkọ̀ ti dé Ìdí Àpáta, àwọn tí wọ́n ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀ sì ti kọjú sí wọn.

Ìdí kejì jẹ mọ́ àsìkò náà. Oṣù kejì ọdún 2023 ni owó náírà tuntun wọ́n gógó, tí ènìyàn ń tò sí báńkì láti òru, tí tiráńsífà sì lè fi ọjọ́ méjì rìn kí ó tó dé. Akápò ilé-ẹ̀kọ́ kò gba ọ̀rọ̀ ẹnu, àfi kí òbí wọlé wá fi fóònù hàn án. Òbí á páàkì, á ní òun kò ní pẹ́.

Ìdí kẹta ni n kò fẹ́ kà sókè. Àwọn ọkọ̀ kan wà tí wọn kò dé, tí wọn kò sì lọ ní gbogbo àárọ̀ márààrún, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n sùn. Mẹ́rin ni wọ́n, àwọn ayálégbé àti ọmọ onílé ni wọ́n ni wọ́n, méjì nínú wọn sì wà ní ìdojúkọ Ìdí Àpáta gan-an, níbi tí ọ̀nà ti há jù. Ọ̀kan nínú méjì yìí jẹ́ ti ọmọ alága.

Mo lọ bá alága nílé ní alẹ́ tí ó ṣáájú ìpàdé kejì. N kò mọ̀ bóyá ohun tí ó dára jù ni mo ṣe, àwọn kan á ní kí n jẹ́ kí gbogbo ènìyàn jọ gbọ́ ọ pa pọ̀. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà kì í fẹ́ kí wọ́n ka àléébù ọmọ òun sí òun létí láàrin ìjọ. Mo ṣí ìwé náà, mo fi ìka tọ́ ibẹ̀, n kò sọ nǹkan kan. Wọ́n wo ìwé náà pẹ́ títí. Wọ́n pe orúkọ ọmọ wọn, ọmọ náà jáde, wọ́n sì ní, "Gbé ọkọ̀ rẹ wọlé." Nígbà tí ìpàdé bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, wọ́n ní, "Kí a tó dá ilé-ẹ̀kọ́ lẹ́bi, mo fẹ́ sọ pé ọkọ̀ kan wà lára wàhálà yìí tí ó jẹ́ ti ilé mi. Mo ti ní kí wọ́n gbé e wọlé." Mo ń wo ojú ìyá tí ó dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ìyá náà yíjú sí lọ́yà rẹ̀, ó ní kí ó máa lọ, ó ní kò sí ìjà mọ́. Láti ìgbà náà ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ gidi.

Sáà kẹta

Ohun tí a fi ẹnu kò lé lórí kò pọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ yóò ṣí géètì ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú àádọ́ta, olùkọ́ méjì yóò sì wà nínú ọgbà láti gba àwọn ọmọ. Láti aago méje sí aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́nwéè ni òpópónà náà yóò jẹ́: gbogbo ọkọ̀ yóò ti òkè wọlé, yóò gba ìsàlẹ̀ jáde, kò ní sí pé ẹnikẹ́ni ń yí orí ọkọ̀ padà. Awakọ̀ kò ní sọ̀ kalẹ̀, òṣìṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ni yóò ṣí ilẹ̀kùn, tí yóò gbé ọmọ àti báàgì rẹ̀ sọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí akápò tàbí olùkọ́ yóò wá lẹ́yìn aago mẹ́jọ ààbọ̀, bí kò bá sì lè wá nígbà náà, kí ó páàkì sí ọgbà gbọ̀ngàn àríyá kan tí ó wà létí ọ̀nà ọlọ́dà, tí olówó rẹ̀ gbà pé ó máa ń ṣófo ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Àwọn onílé ní tiwọn kò ní jẹ́ kí ọkọ̀ sùn síta mọ́. Gbohùngbohùn yóò kọjú sí inú. Oṣù karùn-ún ni a bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú sáà kẹta.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò rọgbọ. Mẹ́gáàdì ni a fi sí òkè láti máa tọ́ àwọn awakọ̀ sọ́nà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì pé ọmọ ọdún 25 ni, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, ọkùnrin kan tí ó wọ aṣọ funfun kò ka ìtọ́ni rẹ̀ sí, ó sì ti ìsàlẹ̀ wọlé. Nígbà tí mẹ́gáàdì sáré bá a, ó ní, "Ṣé o mọ ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀ ni?" Mẹ́gáàdì bẹ̀ ẹ́. Àwọn mẹ́ta tẹ̀lé e wọlé. Ojúmọ́ kejì, wọ́n di mẹ́sàn-án.

Màmá Tíṣà ni wọ́n yanjú èyí, n kò sì kọ́ wọn. Wọ́n kàn gbé àga oníke wọn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sí abẹ́ máńgòrò tí ó wà ní ìsàlẹ̀, níbi tí àwọn aláìgbọràn ń gbà wọlé. Wọ́n ró ìró, wọ́n wé gèlè kékeré, ife tíì wọn wà lórí ìpéǹpé gọ́tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọkùnrin aláṣọ funfun yẹn dé. Màmá kò dìde. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ní, "Ẹ káàárọ̀ o, ọkọ mi. Ṣé àlàáfíà ni ẹ jí? Òkè ni a ń gbà wọlé o." Gíláàsì ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ọkùnrin náà tẹrí ba láti ibi ìjókòó rẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ má bínú mà," ó sì fi ẹ̀yìn rìn jáde. N kò rí i kí ó tún gba ibẹ̀ wọlé mọ́. Ní àárín àwa Yorùbá, ó ṣòro kí ọmọdé dá àgbà dúró, ó sì tún ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ènìyàn fọn fèrè sí ẹni tí ó lè bí i. Bí a bá kọ òfin, tí a kò wo ẹnu tí yóò máa sọ òfin náà, òfin yóò kàn wà lórí pátákó ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí Màmá lọ kí ọmọ wọn ní Èkó fún ọjọ́ mẹ́wàá, ọ̀nà tún bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú, a sì wá rí i pé a ti so gbogbo ètò mọ́ ìyá kan. Ẹni mẹ́ta ni wọ́n ń pín in ṣe báyìí, gbogbo wọn sì lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún.

Òjò ni ó tún dán wa wò. Ní oṣù kẹfà, ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn kọ́fátì di ẹrẹ̀, ọkọ̀ méjì rì sínú rẹ̀ ní àárọ̀ kan náà, wọ́nwéè sì dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Inú oṣù kejì tí ilẹ̀ gbẹ ni a ti ṣètò, ẹnikẹ́ni nínú wa kò sì rìn dé ibi tí a ní kí 86 ọkọ̀ máa gbà jáde kí a tó fọwọ́ sí ìwé. Mo ka èyí sí àṣìṣe tèmi jù. Ní ìkẹyìn ilé-ẹ̀kọ́ ra òkúta wẹ́wẹ́ típà méjì, èyí tí kò wọ́n ní Abẹ́òkúta, àwọn onílé sì wá àwọn tí wọ́n tẹ́ ẹ.

Ohun mìíràn tí mo gbọ́dọ̀ sọ ni pé ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún yẹn ni wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà bẹntiróòlù kan fò láti nǹkan bí náírà 185 kọjá náírà 500. Àwọn òbí tí wọn kì í kí ara wọn tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ ara wọn pọ̀ sínú ọkọ̀ kan. Nígbà tí a tún kà á ní oṣù keje, ọkọ̀ kò ju 61 lọ. Bí mo bá fẹ́ yangàn, mo lè sọ pé ètò wa ni ó dín wọn kù, ṣùgbọ́n irọ́ ni yóò jẹ́: owó epo ni. Ohun tí mo lè pè ní tiwa ni pé àwọn tí wọ́n ń pẹ́ ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ ti dín kù láti 14 sí 3. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ètò òun ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ ya ohun tí òun ṣe sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ọjà ṣe.

Ti ọ̀sán kò tíì yanjú. Láàárọ̀ òbí fẹ́ tètè kúrò, lọ́sàn-án òbí ń tètè dé, ó ń dúró de ọmọ, kò sì sí ṣíṣí géètì tí ó lè wo ìyẹn sàn. A dábàá pé kí kíláàsì kéékèèké máa jáde ní wákàtí kan ṣáájú àwọn àgbà. Àwọn òbí tí wọ́n ní ọmọ ní kíláàsì méjèèjì kọ̀, wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn yóò máa wá. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀.

Ohun tí mo ń ṣe sí i báyìí

Mo ti ṣíwọ́ pípe ìpàdé kí n tó ka ọkọ̀. Bí wọ́n bá pè mí, ìwé ìkọ̀wé ni mo kọ́kọ́ ń mú dání, ìṣẹ́jú ni mo sì ń kà, nítorí pé iye ọkọ̀ lè pọ̀ kí ọ̀nà má dí, ó sì lè kéré kí ọ̀nà dí pa. Mo ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ń fẹjọ́ sùn bóyá ọkọ̀ tirẹ̀ ń sùn síta, mo sì ń béèrè ní kọ̀rọ̀. Mo ń fi ẹsẹ̀ mi rin ọ̀nà àbájáde dé òpin, kí òjò tó dé. Bí wọ́n bá sì sọ fún mi pé àwọn fẹ́ ti géètì àdúgbò, ìrẹsì tí ó dà sójú ọ̀dà ni mo ń sọ fún wọn.

Láìpẹ́ yìí, wọ́n pè mí sí òpópónà mìíràn ní apá Ọbáńtokò. Àwọn onílé ti kọ lẹ́tà wọn tán, ojú ìwé mẹ́rin, wọ́n fẹ́ kí n bá wọn ka gírámà inú rẹ̀. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dé iwájú ilé-ẹ̀kọ́ náà, mo bá ọkọ̀ mẹ́fà tí ènìyàn jókòó sínú wọn, tí àwọn ọmọ sì ń sùn lẹ́yìn. Mo lọ bá mẹ́gáàdì, mo kí i, mo sì béèrè ìgbà tí ó máa ń ṣí géètì. Ó ní kì í ṣe òun ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ọwọ́ àǹtí kan ni ó wà, àǹtí náà sì ń ti Láfẹ́nwá bọ̀.